Kòsọ́kọ́, Akítóyè àti Àwọn Tí Wọ́n Kọ Ìtàn Wọn

Àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí bẹ̀ wá pé kí a sọ èrò wa lórí ìwé tí ó yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kà kí ó tó jáde. Bóyá wọ́n rò pé ìwé àdúrà ni a ó dárúkọ, nítorí aṣọ tí ó wà ní ọrùn wa. Ìwé àdúrà kò wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, a sì dúpẹ́. Ohun tí ó wọ́n níbẹ̀ ni ìwé tí ó sọ bí àwọn ọmọ ìyá kan náà ṣe gbé ìbọn sí ara wọn ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó ṣáájú wọn lọ sí ojú ogun, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìbáà ṣe ìtàn gidi, ìbáà ṣe eré oníṣe tàbí ìtàn àròsọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tí ó bá ti Ìga Ìdúngànràn jáde ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó forí lé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ìrìn rẹ̀ kò gùn rárá, ṣùgbọ́n ó ti ti inú agbo kan bọ́ sí inú agbo kejì nínú ogun abẹ́lé tí ó dá Èkó tí a mọ̀ lónìí sílẹ̀. Ọba Ológun Kútere bí Òṣìnlókun, ó bí Adélé, ó sì bí Akítóyè. Kòsọ́kọ́ jẹ́ ọmọ Òṣìnlókun. Nítorí náà àbúrò bàbá rẹ̀ ni Akítóyè. Nígbà tí Ọba Olúwọlé wàjà ní 1841, Akítóyè ni a fi jẹ ọba. Kòsọ́kọ́ wà ní ìgbèkùn ní ìhà Ouidah nígbà náà. Akítóyè ránṣẹ́ pè é wá sí ilé, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹlẹ́tù Òdìbò kìlọ̀ fún un, tí ó sì bínú kúrò ní ìlú lọ sí Àgbádárìgì. Ìjà Ẹlẹ́tù àti Kòsọ́kọ́ ti pẹ́. Ẹlẹ́tù náà ni ó fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọ̀pọ̀ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, tí a fi lé e kúrò ní Èkó. Nígbà tí Akítóyè pe Ẹlẹ́tù padà, ọ̀rọ̀ di ogun.

Ní oṣù keje 1845 ni ogun náà bẹ́. Ogun Olómirò ni àwọn bàbá wa ń pè é, nítorí àwọn tí a sé mọ́ ààfin kò rí omi mìíràn mu ju omi oníyọ̀ lọ. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Akítóyè tó sá gba ojú omi lọ. Níhìn-ín ni ìtàn kan wà tí àwa fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Òṣòdì Tápà, ọ̀gágun Kòsọ́kọ́, ni a fi ṣọ́ ọ̀nà omi Àgbóyì. Akítóyè bọ́ sí i lọ́wọ́. Dípò kí ó pa á, ó kí i bí a ṣe ń kí ọba, ó sì jẹ́ kí ó kọjá. Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ní Akítóyè ti fi oògùn dì wọ́n lójú, òun àti gbogbo àwọn ọmọ ogun òun. Kí ni ó wà nínú ọkàn ọkùnrin yìí? Ẹrú ni a mú un wá sí Èkó láti ilẹ̀ Tápà. Ọwọ́ ìdílé ọba ni ó ti dàgbà. Kòsọ́kọ́ ni ó sì ń sìn títí dé ìgbèkùn. Síbẹ̀ kò lè gbé ọwọ́ lé ẹni tí ó ti dé adé. Àwọn òpìtàn sọ ohun tí ó ṣe fún wa. Kò sí èyí tí ó lè sọ ohun tí ó rò bí ọkọ̀ ojú omi Akítóyè ṣe ń lọ tí ó ń kéré sí i. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé àròsọ ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì padà sọ̀rọ̀ lé e.

Àtubọ̀tán ogun náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń mọ̀. Akítóyè lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Ó ṣèlérí fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dá òun padà sí orí oyè, òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú. Ní ìparí oṣù kejìlá 1851, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ní oṣù tí ó ṣáájú tí Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà, wọ́n yin àgbá lu ìlú títí Kòsọ́kọ́ fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ogun Àgídíngbì ni orúkọ tí Èkó fún un, láti inú ìró àgbá náà; àwọn mìíràn ń pè é ní Ogun Ahóyaya. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1852, Akítóyè fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ó wàjà ní 1853. Dòsùmú ọmọ rẹ̀ jọba, òun ni a sì gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1861. Kòsọ́kọ́ padà wá sí ilé ní 1862. Òṣòdì àti àwọn tí wọ́n bá wọn ti Ẹ̀pẹ́ dé ni wọ́n tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní.

Ta ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní àkọ́kọ́? Àwọn tí wọ́n borí ni. Ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní 1852 lórí bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun Èkó kún fún lẹ́tà àwọn kọ́ńsùlù àti àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun. Àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n wà ní Abẹ́òkúta àti Àgbádárìgì náà kọ̀wé, ti Akítóyè sì ni wọ́n ń ṣe. Ní 1851 yìí kan náà ni Àjàyí Crowther lọ sí ìlú Òyìnbó, tí ó rí Palmerston àti Ọbabìnrin Victoria, tí ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Èkó àti Abẹ́òkúta níwájú wọn. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn tí àgbá dákẹ́ tí iṣẹ́ ìhìnrere fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. A gbọ́dọ̀ sọ èyí ní gbangba nínú ìwé àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni, nítorí bí a kò bá sọ ọ́, àwọn ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ẹ̀gàn: ọ̀nà tí àgbá là ni Bíbélì gbà wọ Èkó. A kò sọ pé Bíbélì náà di irọ́ nítorí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó jẹ àǹfààní ogun kò yẹ ní adájọ́ kan ṣoṣo lórí ogun náà.

Nígbà tí àwa wà ní ilé ìwé ní àwọn ọdún 1970, bí a ṣe ń kọ́ wa kò le rárá: Akítóyè ni ẹni rere, Kòsọ́kọ́ ni oníṣòwò ẹrú. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, a sì gba máàkì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, nawọ́ ní ọjọ́ kan, ó ní ní ilé àwọn, orúkọ mìíràn ni bàbá àgbà òun ń pe Kòsọ́kọ́. Wọ́n ní kí ó jókòó. Ó jókòó. Ẹni tí ó jókòó tì í ní ọwọ́ ọ̀tún, ìdílé Akítóyè ni ó ti wá. Wọ́n jọ máa ń pín àkàrà jẹ ní ìsinmi ọ̀sán. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pàdánù ní ọjọ́ náà: ọ̀kan gbọ́ pé èké ni bàbá rẹ̀ àgbà, èkejì gbọ́ pé kò sí ohun tí ó yẹ kí ó tún béèrè nípa tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ òtítọ́ kò rí bí a ṣe kọ́ wa. Gbogbo ìga ńlá ní Èkó nígbà náà ni ó ń jẹ nínú òwò ẹrú, agbo Akítóyè kò sì yàtọ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀pómúléró fún Akítóyè, tí gbàgede ńlá wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ta ẹrú. Àwọn òpìtàn tí wọ́n dé lẹ́yìn ti tú èyí sílẹ̀ fún wa. Losi, olùkọ́ ilé ìwé, kó ohun tí àwọn àgbà Èkó sọ jọ sínú ìtàn Èkó tí ó tẹ̀ ní 1914. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí bi í léèrè bóyá nítorí òwò ẹrú nìkan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá, tàbí nítorí òwò tiwọn. Robert Smith kọ odidi ìwé ní 1978 lórí ọdún mẹ́wàá tí kọ́ńsùlù fi wà ní Èkó, láti 1851 sí 1861. Kristin Mann tẹ tirẹ̀ ní 2007, ó sì wo ẹrú àti olówó ẹrú papọ̀. Bí a bá ka àwọn wọ̀nyí tán, Kòsọ́kọ́ kò di ẹni mímọ́. Ikú oró ni ó fi pa Ẹlẹ́tù Òdìbò, ẹrú ni ó sì tà. Ṣùgbọ́n ó di ènìyàn, tí a mọ ohun tí ó ń bí i nínú. Akítóyè náà sì di ènìyàn, tí ó wá olùrànlọ́wọ́ tí agbára rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, tí ọmọ rẹ̀ sì san gbèsè rẹ̀.

Àwa tí a gba ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa Ọlọ́run kò gbọdọ̀ bẹ̀rù irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀, nítorí inú Ìwé Mímọ́ ni a ti kọ́ ọ. Ìtàn Dáfídì wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí ó kọ ìwé Sámúẹ́lì kò bo ohunkóhun: ó sọ ti Bátíṣébà, ó sọ ti Ùráyà, ó sọ bí Ábúsálómù ṣe dìde sí bàbá rẹ̀, tí ogun abẹ́lé fi lé ọba jáde kúrò ní ààfin pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ẹni tí ó kọ Kíróníkà wá lẹ́yìn, ó fò gbogbo ìyẹn dá, ó sì fi Dáfídì hàn wá bí ẹni tí ń pèsè igi kédárì àti wúrà sílẹ̀ fún ilé Olúwa. Àwọn bàbá ìgbàgbọ́ rí ìyàtọ̀ yìí. Ojú wọn kò fọ́. Síbẹ̀ wọn kò yọ ọ̀kan jù nù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n dì pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, tí wọ́n sì fi lé wa lọ́wọ́. Bí Ìjọ bá lè gbà kí a ka Dáfídì ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ló dé tí a kò fi lè ka Kòsọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì?

Ní ti ìtàn àròsọ, a mọ̀ pé àwọn òbí kan ṣì wà tí wọ́n kà á sí irọ́ lásán, tí wọ́n sì ń béèrè ìdí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni yóò fi máa fi àkókò ṣòfò lórí eré. Kí irú òbí bẹ́ẹ̀ lọ ka orí kejìlá nínú Sámúẹ́lì Kejì. Nátánì kò ka ẹ̀sùn sí Dáfídì létí. Ìtàn ọkùnrin tálákà kan àti ọmọ àgùntàn rẹ̀ ni ó pa fún un, ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí, inú rẹ̀ sì ni ọba ti dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

Olá Rótìmí ṣe irú iṣẹ́ yẹn nínú eré tí ó kọ nípa Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jókòó sí Ìjàyè. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti sọ: Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù àrẹ̀mọ rẹ̀ kò bá a kú gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n fi í jẹ ọba, Kúrunmí sì kọ̀ láti júbà. Ìbàdàn gbógun tì í. Ó kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Nínú ìwé Johnson, akọni ni Kúrunmí, ṣùgbọ́n ìkà ọba tí gbogbo ìlú ń gbọ̀n fún ni pẹ̀lú. Rótìmí kò sẹ́ èyí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a gbọ́ bàbá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ kú sí ogun tí òun fúnra rẹ̀ lè dá dúró. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà, nígbà tí ogun Bìáfrà ṣì ń jà. A kò rò pé àwọn òǹwòran ìgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n eré lè sin ènìyàn láàyè, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá nípa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Ìkà obìnrin tí ń pa ẹrú tí ó bá lóyún ni yóò sọ. Eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí a tẹ̀ ní 1970 ni ó gbìn ín sí wa lọ́kàn, iṣẹ́ ọnà ńlá sì ni. A kò mọ ẹni tí ó kà á tí ó gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá ṣí ìwé Johnson. Ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ Látòóṣà kà sí i lẹ́sẹ̀ ní 1874 ni pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́ sí òun, àti pé kò jáde wá pàdé òun ní ẹ̀yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ aboyún kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin tí ó lówó, tí kò tẹrí ba, ni ọ̀gágun náà fẹ́ mú kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti kọ̀wé lórí èyí, ó sì rán wa létí pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí ni ó kú sórí ìkúnlẹ̀. A kò dá ìkà rẹ̀ láre. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ka eré náà nìkan yóò rò pé nítorí àwọn ẹrú ni Látòóṣà ṣe jà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí a fún un ní eré náà, kí a sì fi Johnson àti Awẹ́ tì í.

A ti dárúkọ Johnson ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tiwa ni. Sàró ni a ti bí Sámúẹ́lì Johnson ní 1846. Ó dàgbà sí Ìbàdàn, ó ṣe olùkọ́, ó ṣe olùtọ́jú ìjọ, ó sì di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Nígbà ogun Kírìjì, tí Látòóṣà àti Ìbàdàn dojú kọ Ògèdèǹgbé, Fábùnmí àti àwọn Èkìtì Parapọ̀ láti 1877, kò jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì máa wo ojú ọ̀run. Ó ru ìwé àlàáfíà láti ọ̀dọ̀ Aláàfin wá sí Èkó. Ní 1886 òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n gbé ìwé àdéhùn lọ sí ibùdó àwọn méjèèjì, ìjà sì parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ẹni tí ó ti rí òkú ogun ni ó jókòó kọ ìtàn ogun.

Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897. Ní 1899 a fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àlùfáà náà kú ní 1901 láìrí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Ọbadáyà Johnson, kó àwọn àjákù àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam ní 1916. Ọkọ̀ ogun Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé wa nínú rẹ̀. Ọdún 1921 ni ó tó jáde. Ọbadáyà náà ti kú ní 1920. Nígbàkígbà tí a bá rí ọmọ ilé ìwé tí ó fi ìwé náà ṣe ìrọ̀rí, ọ̀rọ̀ yìí ni a máa ń sọ fún un.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni ó fi wo ayé. Bí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìjẹ̀bú bá kọ tiwọn, yóò yàtọ̀, ó sì ti yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kò bo ìwà ìkà àwọn ọ̀gágun tí ó bá gbé mọ́lẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó lè kọ̀wé bẹ́ẹ̀ nípa àwọn aṣáájú ìjọ wa?

Ti ogun 1967 sí 1970, díẹ̀ ni a ó sọ, nítorí àwọn tí ó jà á ṣì ń bá ara wọn jà nínú ìwé. Ọbásanjọ́ kọ tirẹ̀ ní 1980. Madiebo tí ó darí ogun Bìáfrà kọ tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Àlàbí-Ìsàmá dé ní 2013, ó sì ta ko Ọbásanjọ́ lójú ìwé lórí ojú ìwé. Ṣóyínká ti kọ ti ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní 1972. Achebe kọ tirẹ̀ ní 2012, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Èkó sì bínú sí ohun tí ó sọ nípa Awólọ́wọ̀. Àwa náà kò fara mọ́ ọn. Síbẹ̀ àwọn kan bú ìwé náà láti orí àga ìwàásù láìṣí èèpo rẹ̀, ìyẹn ni ó sì dùn wá jù.

Láti sáà 2009/2010 ni ìjọba ti yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ìpele ìpìlẹ̀, ó sì tó ọdún bíi mélòó kan kí ẹnu tó kò pé kí a dá a padà. Àwọn ọmọ tí ó bọ́ sí àárín náà ti ń bí ọmọ báyìí. Nítorí náà, àwa tí a jọ jáde ti gbà láti ra àpótí ìwé kan fún ilé ìkàwé. Losi, Johnson, Smith, Mann, Rótìmí, Ìṣọ̀lá àti Awẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, àti àwọn ìwé ogun Bìáfrà láti ìhà méjèèjì. A ti bá ọ̀gá àgbà sọ ọ́ pé kí a fún àwọn ọmọ ọdún karùn-ún ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún fún eré tàbí ìtàn kúkúrú tí ó bá dára jù lórí Òṣòdì ní Àgbóyì, kí wọ́n sọ fún wa ohun tí àwọn òpìtàn kò lè sọ.

Ohun kan ni ó kù tí àwa nìkan kò lè dá ṣe. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Ẹrẹ́kọ àti ní Ọ̀fin, àwọn ilé wà tí ìwé àwọn bàbá wa wà ní ìsàlẹ̀ àpótí: lẹ́tà, ìwé ilẹ̀, oríkì tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ láti ẹnu ìyá àgbà. Eku ń jẹ wọ́n, òjò sì ń rin wọ́n. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀, ìbáà ṣe ti agbo Akítóyè, ìbáà ṣe ti Kòsọ́kọ́, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí ọ́fíìsì ilé ìkàwé ní ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. A ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú rẹ̀, yóò sì mú ojúlówó padà lọ sí ilé.